Ọjọ́ Tí Yàrá Àwọn Oníròyìn Rìn

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn oníròyìn ló kọ́kọ́ sọ mí bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin gbà á lẹ́nu wọn, ọkọ mi náà wá gbọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń múra iṣẹ́ láàárọ̀, yóò gbójú sókè níbi tó ti ń mu tíì, yóò ní, "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ta lẹ tún fẹ́ tì mọ́lé lónìí?" Èmi á pòṣé, ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn.

Iṣẹ́ mi kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọ́fíìsì Alábòójútó ni mo wà. Bí iléeṣẹ́ ìjọba kan bá fìyà jẹ aráàlú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. À ń wádìí ọ̀rọ̀, à ń kọ àbọ̀ ìwádìí, a sì ń gbé e lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Èmi ni mo wà láàárín ọ́fíìsì wa, àwọn aṣòfin àti àwọn oníròyìn. Àwọn aṣòfin fẹ́ kí n pa ẹnu mọ́, àwọn oníròyìn fẹ́ kí n la ẹnu, ọ̀gá mi fẹ́ kí n má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tí kò fẹ́ràn wàhálà kò lè ṣe é. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, n ò ní parọ́. Bí fóònù méjì bá ń dún, tí ẹnìkan tún ń kan ilẹ̀kùn, ara mi á yá gágá.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí a kì í fi ṣeré: àwọn aṣòfin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àbọ̀ ìwádìí wa. Títí Abẹnugan yóò fi fi òòlù lu tábìlì, tí yóò ní ilé ti gbà á, a ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lórí rédíò. Bó bá bọ́ síta ṣáájú, wọ́n á ní a fojú di ilé, wọ́n á sì dá a padà fún wa. Ṣùgbọ́n àbọ̀ wa máa ń nípọn bí ìrọ̀rí. Oníròyìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú fún lẹ́yìn òòlù, kí ló fẹ́ kà níbẹ̀? Yóò kàn kọ ohun tó wù ú ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní yàrá.

Ìsàlẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ ni yàrá náà wà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àbọ̀ bá fẹ́ wọlé, àwọn oníròyìn á wọ ibẹ̀, n ó gba fóònù wọn sínú bàágì ńlá kan, n ó pín ìwé àti tíì, n ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á kà á, wọ́n á kọ ìròyìn wọn sílẹ̀. Bí òòlù bá dún lókè báyìí, n ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n á sì ya jáde bí adìyẹ tí wọ́n ṣí àgò rẹ̀. Òfin yàrá wà lára ògiri, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ni mo fi kọ ọ́: bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún ẹnìkan, ó ṣí fún gbogbo yín. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi ló ṣàánú ọ̀kan nínú wọn tó ní inú ń run òun, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Kó tó ṣẹ́jú, ìròyìn ti gba ìgboro, ilé sì dá àbọ̀ ọ̀hún padà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà nínú yàrá báyìí. Inú lè máa run gbogbo yín, ẹ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan la gbé lọ. Lífítì tó ń gbé aláìsàn ròkè nílé ìwòsàn ńlá ti kú tipẹ́. Inú aṣọ ibùsùn ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn gun àtẹ̀gùn, ẹni mẹ́rin á di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tó wà nídìí ètò ìlera sì ń sọ fún gbogbo ayé pé lífítì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì yìí ló wá sọ òtítọ́ fún wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní ó tú àṣírí iléeṣẹ́, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé rẹ̀.

Òfin wa dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke. Ọjọ́ tí ilé bá gba àbọ̀ ìwádìí, ọjọ́ náà gan-an ni ẹlẹ́rìí wa ń padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sí ọ̀gá tó lè dá a dúró. Bí ilé kò bá gbà á kí ọ̀gá àgbà wa tó fipò sílẹ̀, ẹjọ́ náà ti kú nìyẹn. Ọ̀gá wa, Bàbá Adájọ́, ń fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ilé sì ń lọ fún ìsinmi gígùn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí kò bá wọlé lónìí, nọ́ọ̀sì di ẹni tí wọ́n lé, lífítì á sì máa sùn lọ.

Nọ́ọ̀sì náà ló dé ṣáájú gbogbo èèyàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó gbé bàágì lé itan bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ jà á gbà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé yóò wọlé?"

Mo ní, "Yóò wọlé." N ò kólòlò. Ẹnu mi ló sọ ọ́, n ò tíì mọ bí yóò ṣe rí. Mo mú un lọ sí ìjókòó òkè, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń wo ìjókòó ilé, mo sì sáré sọ̀kalẹ̀ lọ síbi yàrá mi.

Àwọn oníròyìn ti dé. Ìyá Rédíò ló ṣíwájú, obìnrin tí ohùn rẹ̀ lè jí odindi àdúgbò láìlo ẹ̀rọ. Bọ̀dá Kámẹ́rà tẹ̀ lé e, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ léjìká bí ọmọ. Àwọn tó kù ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń na bàágì sí wọn.

"Ẹ ju fóònù sílẹ̀. Ìwọ náà. Èyí tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Mo rí i o."

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ máa ṣe wá jẹ́jẹ́ o, a ti níyàwó nílé!"

"Ìyàwó yín ló ní kí n má ṣe yín jẹ́jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Fèrèsé ló wọlé kẹ́yìn. Igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Aṣọ ọrùn rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dán yinrin. Mo ní, "Bàbá Fèrèsé, ẹ̀yin nìyí bí ọkọ ìyàwó! Fóònù yín dà?" Ó na fóònù sí mi, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kò sáyè." Ó jókòó. Mo gbé tíì fún un, mo fún un ní ìwé, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn gbọin.

Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ bí mo ṣe ń gun òkè lọ, bàágì lọ́wọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ lápò mi. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjókòó ni mo ti pàdé ẹni tí à ń pè ní Darandaran. Aṣòfin ni òun náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá síjókòó, kí iye tí òfin fẹ́ lè pé kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Òógùn bò ó.

Ó ní, "Wọ́n ti jáde! Alága ìgbìmọ̀ ilé lórí ètò ìlera ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ síbi tíì, wọn ò fẹ́ kí àbọ̀ yín wọlé. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn ò bá sí níbẹ̀, a ò ní pé."

"Mélòó ló kù?"

"Ẹyọ kan! Ẹyọ kan péré, ìyá! Abẹnugan ní bí kò bá dé kíákíá, òun á ní kí oníkálùkù máa lọ sílé."

Mo rántí bàágì tó wà lórí itan nọ́ọ̀sì lókè. "Ta ni kò wá?"

"Ọnọ́rébù tuntun, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn láti rọ́pò aṣòfin tó kú. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rí i nígbà tó ń wọlé. Mo ti pè é títí, kò gbé e. Ẹ wò ó, mo tún ń pè é."

Ó tẹ fóònù. Bàágì tó wà lọ́wọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mo wo bàágì. Darandaran wo bàágì. Mo tọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo fa fóònù kan yọ, orúkọ Darandaran ló ń tàn yàn-àn-yàn lójú rẹ̀.

Ó ní, "Kí ni fóònù Ọnọ́rébù ń wá nínú àpò yín?"

Bàbá Fèrèsé! Oníròyìn ni láti kékeré, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó ti díje, ó ti wọlé, wọ́n ti búra fún un. Èmi yìí gan-an ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìkíni tí ọ́fíìsì wa fi bá a yọ̀! Síbẹ̀, bí ojú mi ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà yẹn, fóònù lọwọ́ mi nà sí. Mo ti mú aṣòfin, mo ti tì í mọ́lé.

Mo sáré àsápajúdé sọ̀kalẹ̀. Mo wọlé, mo sì tún ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi.

"Ọnọ́rébù!"

Ó dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Mo fẹ́ sọ fún yín. Mo kàn ní kí n kí àwọn ọ̀rẹ́ mi kí n tó lọ sókè ni. Ẹ gba fóònù mi, ẹ ní kí n jókòó."

"Ẹ wá jókòó?"

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ta ló ń bá yín jiyàn?"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lu tábìlì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, àfi pé àkókò ń lọ. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ kíákíá, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń dúró dè lókè." Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Ìyá Rédíò dìde, ó lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, yíjú padà, kí o ka ara ògiri."

"Ìyá Rédíò, má ṣe báyìí."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Bó bá ṣí fún ẹnìkan, ó ṣí fún gbogbo wa. Oníròyìn ló jẹ́ nígbà tó wọlé. Bó bá jáde, èmi náà ti jáde, o ó sì fún mi ní fóònù mi."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò lè bínú sí wọn, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo bá fún wọn ní fóònù, ìròyìn á gba ìgboro kí Ọnọ́rébù tó dé ìdajì àtẹ̀gùn, ilé á sì dá àbọ̀ padà. Bí mo bá fipá mú un jáde, wọn ò ní wọ yàrá mi mọ́ láéláé. Bí mo bá sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń ronú, Abẹnugan á ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo wo ògiri. Mo wo kọ́kọ́rọ́. Mo wo bàágì. Ni ojú mi bá là.

Mo ní, "Ó dáa. Kí gbogbo wa jọ jáde. Ṣùgbọ́n yàrá ò tíì tú. A máa gbé e rìn ni."

"Báwo?"

"Gbogbo yín á tẹ̀ lé mi lọ sí ìjókòó òkè. Bàágì á wà lọ́rùn mi. Ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kódà ẹ ò ní kí èèyàn. Bí a bá débẹ̀, n ó ti ilẹ̀kùn tọ̀hún. Bí òòlù bá dún, ibẹ̀ náà ni n ó ti ṣí bàágì. Ẹ ó fojú ara yín rí i, dípò kí ẹ máa gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀."

Bọ̀dá Kámẹ́rà ní, "Mo lè ya àwòrán ìjókòó?"

"Bí òòlù bá ti dún, ya gbogbo ohun tó bá wù ọ́."

Ìyá Rédíò ronú díẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó kúrò níwájú ilẹ̀kùn.

Mo pe Bàbá Adájọ́ lórí fóònù kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Mo rọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣe é. Bó bá bàjẹ́, èmi ni mo ní kí o ṣe é. Wọn ò kúkú lè lé mi mọ́."

Báyìí la ṣe jáde. Èmi síwájú, àwọn oníròyìn ń tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn mi, oníkálùkù di etí aṣọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọnọ́rébù wà láàárín wọn, ó tẹrí mọ́lẹ̀. A ò gbọ́ ohunkóhun àfi bàtà.

Ọ̀nà àtẹ̀gùn kọjá níwájú ibi tí àwọn aṣòfin ti ń mu tíì. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn ibẹ̀. Alága ètò ìlera jókòó gbẹ̀dẹ̀mukẹ nínú aṣọ funfun, àwọn èèyàn rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó rí wa. Ó dìde tòun ti ife lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ìyá Rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o! Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Ìyá Rédíò tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá sùn yóò máa sọ̀rọ̀, wò ó lójú, ó sì kọjá.

"Bọ̀dá Kámẹ́rà? Ta lẹ fẹ́ lọ yà?"

Bọ̀dá Kámẹ́rà gbá kámẹ́rà mọ́ra, ó kọjá.

"Ẹ dákun, ṣé ẹnìkan kú ni?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ń ge ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa pa mí. Alága ti mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí oníròyìn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀, kò sí èyí tí kò lè já dànù nínú wọn. Ṣùgbọ́n oníròyìn tí kò bèèrè ohunkóhun, tó wò ọ́ bí ẹni tó ti mọ gbogbo rẹ̀ tán, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo gbọ́ tó yí sí àwọn èèyàn rẹ̀: "Wọ́n fẹ́ ya àga wa lófìfo! Wọ́n fẹ́ dárúkọ wa! Ẹ dìde, ẹ dìde!" Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ife fọ́.

Darandaran ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó gbá Ọnọ́rébù lọ́wọ́ mú, ó fà á wọlé bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ he. Àwa gùn lọ sókè. Mo kó gbogbo wọn wọlé, mo ní kí ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn, mo sì fẹ̀yìn tì í. Nọ́ọ̀sì wà níwájú, kò tíì kúrò lójú kan. Ó yíjú wò mí. Mo kàn mi orí sí i.

Nísàlẹ̀, Akọ̀wé Ilé dìde, ó ń ka orí wọn. Ó ka Ọnọ́rébù kẹ́yìn. Ó tẹ̀ sétí Abẹnugan, ó ní ó ti pé. Bí Abẹnugan ṣe ní kí wọ́n gbé àbọ̀ ìwádìí wá sórí tábìlì, ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, Alága àti àwọn èèyàn rẹ̀ ya wọlé, wọ́n ń mí bí ẹṣin. Tíì ti ya àwòrán sí àyà aṣọ funfun rẹ̀.

Abẹnugan ní, "Alága, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ní àtakò sí àbọ̀ yìí ni?"

Alága gbójú sókè. Àwọn oníròyìn tò lọ rẹrẹ lókè orí rẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ó fọwọ́ bo àyà aṣọ.

Ó ní, "Àtakò kẹ̀? Rárá o! Èmi gan-an ni mo sáré wá láti sọ pé kí a tètè gbà á."

Òòlù dún gbàmù.

Bàágì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi já lọ́rùn. "Tèmi nìyẹn!" "Jọ̀ọ́, gbé ẹsẹ̀ kúrò lára mi!" "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ búlúù!" Ìyá Rédíò ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀. Gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ìsàlẹ̀ tú jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ní ìsinsìnyí, lójú èmi yìí..." Ara mi bù máṣọ. Ó wù mí kí n fò sókè, mo sì fò, n ò purọ́, mo fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ṣọ́, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ti dé iwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, àbúrò mi. Ó ti wọlé!"

Ó gbé bàágì rẹ̀, ó jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sunkún, mo sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó máa jáde, aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀, gbogbo ojú ibi tí ó ti ká a hàn lára rẹ̀.

"O gbé e wá?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e kiri, ẹ̀gbọ́n. Òfin ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ti wọlé, mo ti pẹ́."

Ìyá Rédíò na fóònù sí i lẹ́nu. "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ bó ṣe rí lára yín fún àwọn olùgbọ́ wa."

Ó ní, "Ẹ máà bínú, màmá, iṣẹ́ ni mò ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ká sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ máa gun àtẹ̀gùn nílé ìwòsàn."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Gbogbo yàrá mi tẹ̀ lé e, èmi náà kò lè dúró sẹ́yìn, bàágì òfìfo ṣì wà lọ́rùn mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọ̀gá kan fẹ́ dí i lọ́nà, ó rí kámẹ́rà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lífítì ṣì kú síbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Nọ́ọ̀sì ń lọ wéréwéré, àwọn oníròyìn ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, fóònù gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́.

Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, a bá wọn. Wọ́n ń gbé ìyá arúgbó kan lọ sókè nínú aṣọ ibùsùn. Èèyàn méjì péré ló di aṣọ náà mú, ó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ju bàágì rẹ̀ sílẹ̀, ó di igun kan mú. Igun kan ṣẹ́ kù, ó ń fì.

Ìyá Rédíò dúró. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ lójijì, ó yíjú sí mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

Ó ní, "Bá mi mú un." Ó sì tẹ̀ ba, ó di igun kẹrin mú.

Mo ṣí bàágì ọrùn mi, mo jù ú sínú rẹ̀.